Àrẹ̀dú o! Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọwọ́ bọ aró

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Àrẹ̀dú o! Bí a ṣe ń kí aláró nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kí ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀ ní Ìtokú níbí, ní Abẹ́òkúta. Ó wò mí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìkíni iṣẹ́ rẹ̀ rí, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé kò sí àgbà kankan tó jókòó tì í nígbà tó ń kọ́ ọ.

Ó sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta lòun fi kọ́ àdìrẹ. Lọ́jọ́ kẹrin ó gbé àwòrán aṣọ rẹ̀ sórí Instagram, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti ń béèrè ogún yáàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, inú tèmi náà dùn sí i, ẹ̀rù sì bà mí nítorí rẹ̀. Ìdí ẹ̀rù yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní 1960, nígbà tí ìyá ìyá mi fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Kò fún mi ní aṣọ tuntun. Àkísà ìró ara rẹ̀ ló ya sí méjì, ó ní kí n máa rán an, kí n fà á pọ̀, kí n tú u, kí n tún un rán. Odindi ọdún kan ni mo fi ṣe ìyẹn. Aláàdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni ìyá àgbà, òwú ló máa ń rán sára aṣọ kó tó rì í sínú aró, ibi tí òwú bá ti fún aṣọ pọ̀ ni aró kò ní í dé. Àwọn mìíràn nínú agbo ilé wa ń fi ìko di aṣọ, àwọn la ń pè ní oníko. Àwọn mìíràn ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ, àwọn ni ẹlẹ́kọ. Àwọn ọkùnrin a máa gé páànù ní bátànì láti fi tẹ ẹ̀kọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán àdìrẹ. Kàmpálà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe lónìí, tí ẹ ń fi àbẹ́là yíyọ́ tẹ̀, ẹ̀yìn wọn ló dé.

Nígbà tí ó wá di 1962, ìyá àgbà gbà kí n máa tú òwú lára aṣọ oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ mọ̀ pé títú le ju rírán lọ. Aró ti mu òwú, òwú àti aṣọ ti di àwọ̀ kan náà, ojú kò rí ààlà. Ìró ìyàwó ni aṣọ ọjọ́ náà, wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ mi níta níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Mo yára. Abẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó la aṣọ náà bí ìka méjì, láàárín gbùngbùn.

Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà, mo ń gbọ̀n. Kò nà mí. Kò tilẹ̀ pariwo. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó ní kí n lọ tan fìtílà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Òun ń rán, èmi ń kó òwú bọ abẹ́rẹ́, alẹ́ mọ́kànlá ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, mi ò lè lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iye tí aṣọ kan jẹ́. Kì í ṣe owó ni mo ń wí.

Ẹ wò ó, ìkòkò aró kì í gbọ́ kánkán. Ewé ẹ̀lú ni a máa ń gún lódó títí yóò fi dúdú, a ó mọ ọ́n ní ìṣù bí ẹ̀kún ọwọ́, a ó sá a. Eérú la fi ń ṣe omi rẹ̀. Ìkòkò tó ní ihò nídìí ni a ó gbé ka orí èyí tí kò ní, eérú a wà nínú ti òkè, a ó da omi sí i, omi náà a máa kán, tó, tó, tó, láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá ń yọ̀ láàárín ìka bí omi ọṣẹ, ó ti le tó. A ó wá run ìṣù ẹ̀lú sínú rẹ̀, a ó dé e, a ó máa rò ó. Ó ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó jí. Òórùn rẹ̀ a gba gbogbo ilé, ìfófòó a sì bo ojú rẹ̀, tí yóò máa dán bí idẹ. Bí ìyá àgbà bá ṣí ìdérí, tí ìfófòó yẹn kò bá tíì sí, ó kàn máa dé e padà ni. Kì í ráhùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan wà tí mo rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín. Bí ẹ bá fa aṣọ jáde nínú aró, tí ẹ rí i pé àwọ̀ ewé ló mú wá, àyà yín a já, ẹ ó tún tì í bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń jáde nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Ẹ fà á sókè, ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ dúró tì í. Lójú yín báyìí ni yóò ti máa yí padà, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá yí tán ni kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ tún fà á sókè, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí yóò fi dúdú dé ibi tí ẹ ń fẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń wò ó, kò tíì sú mi. Lọ́jọ́ tí a sin màámi, nígbà tí àlejò lọ tán, ìdí ìkòkò ni mo lọ jókòó sí. Mo rẹ ìborùn kan, mo sì ń wò ó bó ṣe ń ṣú. N kò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá fi ọwọ́ mi ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mi ò ní kí ẹ kó aró ìgbàlódé dànù. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé ọ̀nà àbùjá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń pa. Ní 1897 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe láti Jámánì, nígbà tó sì di ayé àwọn ìyá àgbà wa, òun àti kọ́sítíìkì sódà, tó ń ṣe iṣẹ́ omi eérú, ti wọ Abẹ́òkúta. Àwọn oníṣòwò ń wá ra àdìrẹ níbí láti Senegal àti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, nígbà náà. Sódà mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa jẹ aṣọ. Àwọn oníbàárà figbe ta. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n fòfin dè é, tí àwọn aláró àti Aláké fi ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní 1936. Èmi náà ń lo sódà lónìí bí iṣẹ́ bá pọ̀. Sùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: inú omi tútù ni kí ẹ máa bu sódà sí, ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí láéláé, nítorí yóò hó, yóò sì ta sí yín lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Ìyá àgbà a máa fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò, ẹ má dán an wò pẹ̀lú sódà. Mo mọ ẹni tí ojú rẹ̀ kan lọ sí i.

Ọ̀rọ̀ bátànì ńkọ́? Ẹ dẹ́kun dída ti ẹlòmíràn kọ. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìyẹ́ kọ ẹ̀kọ, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n kọ. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápò ní Ìbàdàn ní 1929, òpó rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ, wọ́n fi ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà, ó di Ìbàdàndùn. Ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n gbé òun àti ayaba sórí ìró. Ewé ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀, àkekèé wà níbẹ̀. Kí ni ẹ̀yin ń rí? Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Lóṣù tó kọjá mo ya èèrà mẹ́ta tí wọ́n ń ti ẹyọ ìrẹsì kan gun ògiri ilé ìdáná mi. Wọ́n já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo dúró títí omi mi fi gbẹ lórí iná, mi ò kábàámọ̀. Mo ti ń rán èèrà náà sórí aṣọ báyìí. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ wo bí omi ṣe ń ṣe láàárín òkúta Odò Ògùn, ẹ wo irun tí wọ́n dì fún àbúrò yín. Ẹ yà á, bí kò tilẹ̀ dára.

Ti owó, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ tó dárúkọ iye, ẹ ka ọjọ́ tí ẹ fi ṣe é. Bí oníbàárà bá ní ó wọ́n, ẹ fi ẹ̀yìn aṣọ hàn án, ẹ fi ojú abẹ́rẹ́ hàn án níbi tí òwú ti kọjá. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, kò ní ojú abẹ́rẹ́ lára. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó rà á, àpò kálukú kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ má ṣe pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mo bẹ̀ yín ni. Ẹ sì sọ fún oníbàárà pé aró tuntun ń ṣí, kó fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kó sá a síbòòji. Ẹni tí ẹ bá kìlọ̀ fún kò ní í bú yín.

Ọmọ tó ní ogún yáàdì láti ṣe yẹn, mo sọ fún un pé kó gbà á, nítorí ó nílò owó ilé ìwé. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan, òun ni mo ń bẹ ẹ̀yin náà. Ẹ wá àkókò kan lójúmọ́, kó má tilẹ̀ ju ìdajì wákàtí lọ, tí ẹ ó fi ṣe iṣẹ́ tí ẹ kò ní í tà, tí ẹ kò ní í yà sórí fóònù. Tèmi ni lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, kí ọmọ kankan tó pè mí. Abẹ́rẹ́ mi wà nínú agolo mílíìkì lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìlà kan ṣoṣo ni mo ń rí rán. Ọjọ́ mìíràn, ìka mi ń dùn mí, mi ò rán rárá, mo kàn di aṣọ náà mú ni. Níbẹ̀ ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tó ta kókó, ibẹ̀ ni mo ti dárí ji àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ mí.

Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Ẹ̀yin náà kò ní í ráhùn, láṣẹ Olúwa.

Ìró tí mo là ní 1962 kò sọnù. Lẹ́yìn tí a fi tuntun ránṣẹ́ sí ìyàwó, ìyá àgbà rán ojú ibi tí abẹ ti là á, ó wá fún mi. Òwú aró kún inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, funfun ló mú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí n lè máa rí i ni. Aṣọ náà ti gbó, ó ti ṣá, òwú funfun yẹn kò já. Òun ni mo tẹ́ sórí itan bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Èmi ni,
Ìyá yín ní Abẹ́òkúta