Nígbà Tí Oko Kò Mú Oúnjẹ Wá

Ẹ okun o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa.

Hábákúkù 3:17-18 ni mo ń kà látọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì jẹ́ kí n sùn. Kí wòlíì yìí tó sọ pé òun yóò yọ̀ nínú Olúwa, ẹ wo bó ṣe ka òfò rẹ̀ síta: igi ọ̀pọ̀tọ́ kò tanná, àjàrà kò so, ólífì já a kulẹ̀, oko kò mú oúnjẹ wá, agbo ṣófo, màlúù tán ní ibùso. Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ìwé Mímọ́ kò sì bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

Ká ní Kabba níbí ló ti ń sọ̀rọ̀, ì bá ka epo bẹntiróòlù mọ́ ọn, èyí tí à ń ra lítà rẹ̀ ní nǹkan bí 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lọ́dún 2023. Owó ọkọ̀ Lọ́kọ́jà kò dúró lójú kan mọ́. Ẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yín dé oko ọ̀nà jíjìn. Mo rí ìyá kan lọ́jà tó ń ṣa ata rodo ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó tún dá méjì padà sórí àtẹ.

Àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwa la sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀! Ìnira yìí ti sọ wá di ẹni tí kò mọ ayọ̀ mọ́ àfi èyí tí a lè fi han aráyé: ankara ẹgbẹ́jọdá, owó níná lójú agbo. Ẹni tí kò rí tirẹ̀ san wá ń fara pamọ́ fún wa. Ta ló ní ká máa wo aṣọ ọrùn ọmọlọ́mọ ká tó bu oúnjẹ fún un? Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí aṣọ rà kiri lórí WhatsApp, kí lẹ jẹ níbẹ̀? Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kó lọ tọrọ àforíjì kó tó dìde darí orin lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mo fẹ́ràn yín, mo sì mọ̀ yín. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń bu gàrí ránṣẹ́ sílé ara yín lálẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Bí kò bá sí nílé, ẹ wá sọ fún mi. A ó jọ jẹ èyí tó bá wà.

Ìkéde: Ìpàdé obìnrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sí aṣọ ìkórè lọ́dún yìí. Ẹni tó ti sanwó, kó gbà á lọ́wọ́ akápò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá àga ìjọ padà.