Lẹ́tà sí Àkànní, ọmọ mi tó ń ríran

Iléṣà,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́.

Àkànní ọmọ mi,

Báwo ni Ìlọrin? Ara mi le, ara àbúrò rẹ náà le. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí bí mo bá jókòó pẹ́ nídìí máṣíìnì, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ gbé bírò.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí pé, "Màámi, ẹ bá mi yọ̀, Ọlọ́run ti fún mi lẹ́bùn ìríran," mo dákẹ́, o wá ń ké "hẹ́lò, hẹ́lò", o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Èmi ni mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ sọ. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, torí ẹ̀bùn yẹn kì í ṣe àlejò nínú ilé wa, mo sì mọ ohun tó fojú mi rí. Àná ni àǹtí rẹ wá pè mí. Ó ní o ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí o ò wọ kíláàsì, pé ààwẹ̀ lo wà, pé àwọn ọmọ fẹ́lóṣíìpù ń tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ láti àárọ̀. Ó tún ní o sọ fún ọmọbìnrin kan pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wà nídìí bó ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọ rí. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti gbé e lọ sí sàréè.

Lọ́dún 1989, mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́wọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Níbi ìṣọ́ òru kan ni mo ti rí obìnrin kan tó ró aṣọ aró, ó dúró lẹ́bàá kànga, okùn dòrò já mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rọra lọ sọ fún Bàbá Alàgbà létí, òun ló sọ ọ́ fún ìjọ. Ìyá kan bú sẹ́kún láàárín èrò, ó ní àlá tí òun lá lóru ọjọ́ kẹta sẹ́yìn nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún un, ó lọ sílé. Ìran náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Aríran. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí kò tíì gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀!

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ẹni pé wọ́n kán epo sí i, ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bí o bá sì fọwọ́ kàn án báyìí, yóò ké. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ rí?"

Àkànní, mi ò rí nǹkan kan. Mo dijú, mo la ojú, mo tún dijú. Òkùnkùn ni, àti òórùn àbẹ́là. Bí mo bá ti sọ pé "Mi ò rí nǹkan kan", ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó yí mi ká ló ń wo ẹnu mi, ojú sì ń tì mí. Ni mo bá ní, "Ẹnì kan nínú ilé ọkọ yín ni. Àgbàlagbà ni. Òun náà máa ń pọn ọmọ yìí." Ta ló ń pọn ọmọ nílé ọkọ bí kò ṣe ìyá ọkọ? Obìnrin náà forí gbalẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀! Mo ti mọ̀!"

Ó kẹ́rù jáde nílé ọkọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìgbà tí àìsàn ọmọ náà pọ̀ jù ni wọ́n tó gbé e lọ sọ́sibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: fóníkú-fọ̀ladìde ni. Bàbá AS, ìyá AS. O mọ ìṣirò ju mí lọ: irú àwọn bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìyẹn ni pé yóò ní àìsàn náà. Kò sí ọwọ́ àjẹ́ níbẹ̀, kò sí ti ìyá ọkọ. Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tó san owó ọsibítù? Ìyá arúgbó yẹn ni. Ó ta òfì méjì tó kù nínú àpótí rẹ̀.

Ẹni tó ra ọ̀kan nínú òfì náà ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi kí a fi gé bùbá fún un, ó sì sọ ilé tí ó ti rà á. Èmi ni ọ̀gá gbé e fún. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Nígbà tí mo dé etí aṣọ náà, mo rí ibì kan tí òwú rẹ̀ ti hó, tó ti gbó ju ibi tó kù lọ, tó dà bí ẹni pé nǹkan ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Eyín ọmọ ni. Ibẹ̀ ni ọmọ náà máa ń gé jẹ bó bá wà lẹ́yìn ìyá àgbà. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló dé, mi ò lè dáhùn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Alàgbà. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí n bọ́ sùtánà, pé fún ọdún kan gbáko, n kò gbọdọ̀ sọ ìran kankan fún ẹnikẹ́ni àfi òun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó mú mi lọ bá obìnrin náà nílé bàbá rẹ̀, ó tún mú mi lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ìyàwó padà sílé ọkọ. Ìyá arúgbó ní òun ti dárí jì mí, ó tún fún mi lómi mu. Ṣùgbọ́n kò pọn ọmọ yẹn mọ́ títí tó fi kú. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnu aráyé tún kan òun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó jọ.

Nítorí náà, bí mo bá ń bá ọ wí, kì í ṣe pé mi ò gbà pé o ríran. Mo gbà. Ìran àkọ́kọ́ tí èmi náà rí, òtítọ́ ni. Ohun tó bà mí jẹ́ ni pé mo jẹ́ kí àwọn èèyàn gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi, wọ́n sọ ọ́ di ọjà tí mo gbọ́dọ̀ pàtẹ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé. Wòlíì tí kò lè sọ pé "mi ò rí nǹkan kan" ti di òpùrọ́, ọjọ́ tí àṣírí yóò tú ló kù.

Ka 1 Kọ́ríńtì 14. Má yára kà á. Pọ́ọ̀lù ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù máa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ta ló ń yẹ tìrẹ wò? Àwọn ọmọ ogún ọdún tó ń pè ọ́ ní "Dádì" nínú yàrá rẹ? Ó tún sọ ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ wà fún: kó gbé èèyàn ró, kó gbà á níyànjú, kó tù ú nínú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo ni o ṣe fún ọmọbìnrin yẹn? O rán an lọ sílé kó lọ máa bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Bí a bá tiẹ̀ rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí tọmọ la fi ń jẹ́ ẹ.

Mo fẹ́ kí o jókòó kí o ro ó dáadáa: kí ni o rí ní tòótọ́? Kì í ṣe ìtumọ̀ o. Kí ni ojú rẹ rí? Bóyá o rí àgbà obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni yẹn ń gbàdúrà fún un ni. O mọ̀ ọ́n bí? Ohun tí a rí ọ̀tọ̀, ohun tó túmọ̀ sí ọ̀tọ̀, bóyá ó yẹ ká sọ ọ́ rárá tún lọ́tọ̀. Apá púpọ̀ nínú ohun tí Ọlọ́run ń fi hàn èèyàn, kí a fi gbàdúrà ló torí ẹ̀ fi hàn án. Mo mọ àwọn àgbà tó ti mú ìran wọ sàréè, ẹni tí wọ́n rí i sí kò mọ̀ títí dòní pé àdúrà wọn ló yọ òun.

O máa ní, "Màámi, ṣé kì í ṣe ìtàn Bàbá Babalọlá, wòlíì ìsọjí, lẹ fi tọ́ wa dàgbà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi àgbà wà níbi ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Ooye níhìn-ín ní 1930, òun náà gbé ìgò omi wá kí wọ́n gbàdúrà sí i bíi gbogbo èèyàn, ó sì ń sọ ọ́ títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu ni gbogbo yín máa ń rántí, ẹ kì í rántí ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba nígbà tí ìpè dé sí i ní October 1928, lápá Ìkéjì-Arákejì. Láti ìgbà náà dé Òkè-Ooye, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Láàárín rẹ̀, ó lọ sí Èkó ní òpin 1929, ó tẹrí ba kí àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle rì í bọmi, òun tó ti gbọ́ ohùn tirẹ̀ o! Ní 1932, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n Bìní fún oṣù mẹ́fà. Mi ò sọ pé ó jẹ̀bi, ta ni mí? Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, kì í ṣe ohun tí ọmọ yunifásítì ń sọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó. Àǹtí rẹ ní àwọn kan ń fi owó sí àkáǹtì rẹ. Dá a padà. Gbogbo rẹ̀. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, sáré tẹ̀lé Náámánì, ó gba talẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì, ẹ̀tẹ̀ ló bá a délé. Èmi ni ìyá rẹ, èmi ni télọ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ lo fẹ́, sọ fún mi.

Ọdún tí wọ́n ní kí n dákẹ́ yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n fún mi: aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, aṣọ pẹpẹ, aṣọ àwọn abiyamọ tí kò lówó. Inú ń bí mi ní oṣù àkọ́kọ́. Àfi ọjọ́ kan tí mo ka Ẹ́kísódù 28, mo rí i pé àwọn tó rán aṣọ Árónì, Ọlọ́run ló fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún wọn. Ẹ̀mí, láti rán aṣọ! Mo ń ronú lórí ìṣẹ́tí ẹ̀wù yẹn, agogo wúrà kan, pómégíránátì kan, agogo wúrà kan, pómégíránátì kan, yí po. Ẹni tí kò bá ránṣọ rí kò lè mọ wàhálà tó wà níbẹ̀, kí wọ́n tó bára wọn dọ́gba. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ìdí máṣíìnì náà jẹ́ ibi mímọ́. Bí mo bá gbé téèpù sọ́rùn láti wọn obìnrin kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kí n tó wọn ìbàdí rẹ̀ tán, omijé ti dé. Mi ò kì í sọ púpọ̀. Mo máa ń gbọ́ ni. Pọ́ọ̀lù ka ẹ̀bùn mẹ́sàn-án níbì kan, ó tún ka ìrànlọ́wọ́ àti ìṣàkóso mọ́ ọn nísàlẹ̀ orí ìwé kan náà. Nínú ìwé Róòmù, ó ka kíkọ́ni, ó ka fífúnni, ó ka ṣíṣe àánú. Mi ò tíì rí pátákó ìsọjí kan rí tí wọ́n kọ "Ẹ wá gba ẹ̀bùn ìrànlọ́wọ́" sí.

Ìwọ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń jókòó sórí ẹní níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí o ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Àwọn tí tíṣà wọn ti sọ pé olódo ni wọ́n. O máa ń fi bọ́tìnì inú agolo mi ṣàlàyé ìdá kan nínú mẹ́ta fún wọn títí yóò fi yé wọn, o kì í gbaná jẹ. Ta ló kọ́ ọ? Kì í ṣe èmi, nítorí èmi ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Àǹtí rẹ ní ìṣirò ni ọmọbìnrin yẹn ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Ṣé o wá rí i báyìí?

Lọ bá a. Mú àgbàlagbà kan nínú fẹ́lóṣíìpù yín dání, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Sọ fún un pé o ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Má fi "bóyá" sí i, má fi "ẹ̀mí ló gbé mi" sí i. Kó pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lójú rẹ, kí ìwọ náà bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, bí ó bá gbà fún ọ, kí ẹ ṣí ìwé.

Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń fi ẹrù rán dírẹ́bà sí ọ. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé rẹ wà níbẹ̀, mo ti tú apá rẹ̀ gùn sí i. Gàrí wà nínú àpò dúdú, ẹja gbígbẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀; já ààwẹ̀ yẹn bí ẹrù náà bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o sì wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi agolo bọ́tìnì náà sí i.

Ọjọ́ tí o bá ti rí ọmọbìnrin yẹn tán ni kí o pè mí. Kí ó tó dìgbà náà, mi ò ní gbé fóònù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.