Gbèsè ló pa Toys "R" Us, ẹ yé dá gbogbo ẹ̀bi fún íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òwò Amẹ́ríkà, tó sì tún jẹ yọ nínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló pa Toys "R" Us, iléeṣẹ́ tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, pé Amazon tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn òbí ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí dọ́kàn, torí ó ń bo àwọn tó jẹ̀bi láṣìírí, ó tún ń sọ iṣẹ́ ọkùnrin tó dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀ di nǹkan yẹpẹrẹ tí ayé ti kọjá ẹ̀. Charles Lazarus lorúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ kí n tó dórí gbèsè.

Ọdún 1923 ni wọ́n bí i, ní Washington. Bàbá ẹ̀ ń tún báísíkù ṣe, á ra èyí tó ti bàjẹ́, á tún un ṣe, á tún un tà. Lazarus fúnra ẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé òun bi bàbá òun pé kí ló dé tí wọn ò kúkú máa ta tuntun, bàbá ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri ń tà á ní iye tí àwọn ò lè tà á láé. Lójú tèmi o, inú ìdáhùn yẹn ni gbogbo ohun tó fi ayé ẹ̀ ṣe ti jáde, kò jókòó kó máa sunkún pé àwọn olówó ò jẹ́ káwọn rọ́wọ́ mú, òun náà lọ di ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ àwọn tó ń tú àṣírí kóòdù ló ṣe nínú ológun Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun parí, gbogbo ọ̀dọ́ tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé òun ń lọlé lọ gbéyàwó, òun ń lọ bímọ, ló bá ní ọjà ti dé nìyẹn. Ní 1948 ó gba ilé tí bàbá ẹ̀ ti ń tún báísíkù ṣe, ó ń ta bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ àti àga àti tábìlì ọmọdé níbẹ̀, ó pè é ní Children's Bargain Town. Ibí gan-an ni mo ti gbà fún ọkùnrin yẹn. Àwọn ìyá tó wá ra bẹ́ẹ̀dì ń bi í pé ṣé kò ní ohun ìṣeré ni, ó lọ kó díẹ̀ wá, kò sì pẹ́ tó fi rí i pé ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì lọ lónìí ò ní padà wá ra òmíràn mọ́, tó bá bí ìkejì, orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n máa tẹ́ àbúrò sí. Ṣùgbọ́n ohun ìṣeré, ọmọ á fi gbá ògiri, apá bèbí á yọ, táyà mọ́tò á jábọ́, ìyá á tún padà wá, kódà kó má bàjẹ́, ohun tí ọmọ ọdún méjì ń fi ṣeré, tó bá di ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní wò ó lójú mọ́. Àwọn ọlọ́jà tó kù ń wá ẹni tó máa ra ọjà, òun ń wá ẹni tó máa padà wá rà á.

Ní 1957 ó ṣí èyí tó jẹ́ pé ohun ìṣeré nìkan ló kún ibẹ̀ ní Rockville, Maryland, ó sọ ọ́ ní Toys "R" Us, ó dojú lẹ́tà R yẹn kọ ẹ̀yìn bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, àgùnfọn ló sì fi ń polówó, Geoffrey tí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà mọ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì ló wò kó tó ṣètò ẹ̀. Kò sí pé òṣìṣẹ́ kan á máa tẹ̀ lé ẹ kiri, o máa gba tírọ́lì, o máa wọ àárín ṣẹ́ẹ̀fù tó ga dé òkè, páálí lórí páálí, o máa mú ohun tó o fẹ́ fúnra ẹ, o máa sanwó, o máa lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣe sí Kérésìmesì. Ṣáájú ẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá máa ń pàtẹ ohun ìṣeré tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, tó bá ti kọjá wọ́n á dín in kù. Lazarus ní rárá, January títí dé December ni gbogbo ẹ̀ máa wà lórí àtẹ. Àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré ò sì rí ẹni rajà lọ́wọ́ wọn láwọn oṣù tí ọjà ò yá, wọ́n fẹ́ kí ilé iṣẹ́ wọn máa ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn lòun máa ra ọjà rẹpẹtẹ, wọ́n á dín owó fún un, wọ́n á tún ní kó máa bọ̀ wá sanwó tó bá yá, á kó o sí ilé ìkẹ́rùsí tó ń dúró de December. Kò tán síbẹ̀ o, ó wà lára àwọn tó tètè fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ọjà, wọ́n mọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tà, torí pé wọ́n sì ń tà yíká ọdún, kọ̀ǹpútà á ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ohun báyìí làwọn ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n á ti lọ rà á sílẹ̀ kí ẹlòmíì tó ta pútú. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré á gbé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò wá fún àwọn èèyàn ẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣe é jáde, torí tí Toys "R" Us bá ní òun ò rà á, ta ló kù?

Pámpáàsì wá ń kọ́? Ó ń ta pámpáàsì àti mílíìkì ọmọ ní owó pọ́ọ́kú, ibi tí èrè ò sí rárá nígbà míì. Kì í ṣe sàráà ló ń ṣe o. Ìyá tó wá ra pámpáàsì fún ọmọ oṣù mẹ́ta ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ọmọ yẹn á dàgbà, á tó ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ibi tí ẹsẹ̀ ìyá ti mọ́ náà ni wọ́n máa lọ.

Ní 1966 ó ta iléeṣẹ́ yẹn fún Interstate Stores ní mílíọ̀nù 7.5 dọ́là, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀, òun ló ṣì ń darí ẹ̀ka ohun ìṣeré. Interstate ní oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù míì tí kò lójú, tó fi di pé ní 1974 wọ́n wọ gbèsè, wọ́n dé kóòtù láti sọ pé àwọn ò lè san án mọ́. Ọ̀gá Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ojú sí ibí yìí dáadáa. Iléeṣẹ́ yìí ti wọ gbèsè lẹ́ẹ̀kan rí kó tó di ti 2017 tí wọ́n fi ṣubú, íntánẹ́ẹ̀tì ò sì tíì sí nílẹ̀ nígbà yẹn. Kí ló yọ wọ́n? Ẹni tó mọ òwò ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́. Lazarus gbé àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò mú nǹkan wá sọ nù, ó fi èrè ohun ìṣeré gbé e dìde, nígbà tó fi máa di 1978 wọ́n ti jáde ní kóòtù, orúkọ Interstate sì ti di àfìsẹ́yìn, Toys "R" Us ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá tàn dé Canada àti Singapore ní 1984, wọ́n dé Japan ní 1991 pẹ̀lú bí òfin ibẹ̀ ṣe jẹ́ kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké lè máa fa ṣọ́ọ̀bù ńlá sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà ààrẹ Amẹ́ríkà, George Bush bàbá, lọ sí èyí tí wọ́n ṣí ní Kashihara ní January 1992. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ wọn ló ti ń jáde lásìkò yẹn.

Ní 1994 ó kúrò nípò ọ̀gá àgbà. Mi ò ní parọ́, nǹkan ti ń yí kó tó lọ, àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ń gbó, òṣìṣẹ́ ò tó, ẹni tó bá ní ìbéèrè ò rẹ́ni bi, mo sì gbà pé ètò tí òun fúnra ẹ̀ gbé kalẹ̀ wà lára ohun tó fà á, torí ọjà pọ́ọ́kú lásán ò lè dá ṣọ́ọ̀bù dúró tẹ́lòmíì bá lè tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ ní pọ́ọ́kú. Walmart, ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń ta ohun gbogbo, sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí Lazarus fi pámpáàsì ṣe náà ni Walmart fi ohun ìṣeré ṣe, tó bá di Kérésì wọ́n á jù ú sílẹ̀ láìwá èrè, torí ìyá tó wọlé á tún ra oúnjẹ, á ra ọṣẹ, á ra aṣọ. Ní 1998 Walmart kọjá wọn nínú títa ohun ìṣeré. Ní ti Amazon, àwọn fúnra wọn ló gbé e wọlé, ní 2000 wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ pé ẹni tó bá lọ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn, Amazon ló máa bọ́ sí, wọ́n bá Amazon dé kóòtù ní 2004, wọ́n tú ká ní 2006, gbogbo àkókò yẹn ló sì yẹ kí wọ́n ti fi kọ́ bí wọ́n á ṣe máa tajà fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà mi ò sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ò lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo ní kì í ṣe òun ló pa á.

Ní 2005 ni iléeṣẹ́ olówó mẹ́ta, KKR, Bain Capital àti Vornado, ra Toys "R" Us ní bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Owó tó jáde látàpò tiwọn ò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 lọ. Ìyókù, wọ́n yá a ni. Ta ló wá jẹ gbèsè yẹn? Kì í ṣe KKR, kì í ṣe Bain, orí Toys "R" Us fúnra ẹ̀ ni wọ́n gbé e lé, ìyẹn ni pé owó tí wọ́n fi ra iléeṣẹ́, iléeṣẹ́ náà ló máa san án. Gbèsè tó wà lọ́rùn wọn di nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, èlé tó ń jáde lọ́dọọdún sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ohun tí mílíọ̀nù 400 lè ṣe lọ́dún kan fún ṣọ́ọ̀bù tó ti gbó, tí òṣìṣẹ́ ò tó níbẹ̀, tí wẹ́ẹ̀bù ẹ̀ ò dáa, ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́wàá, owó yẹn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó yáni lówó. Èèyàn di àpò símẹ́ǹtì mẹ́wàá lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn, ẹ tún wá ń sọ pé ẹṣin tó ń sáré kọjá ló pa á. Wọ́n ṣì ń ta ọjà tó lé ní bílíọ̀nù 11 dọ́là lọ́dún nígbà tí wọ́n fi máa ṣubú o! Ta ló ń sọ pé àwọn òbí ò wá rajà mọ́?

Tí ẹ bá tún ń ṣiyè méjì, ẹ wo Japan. Íntánẹ́ẹ̀tì wà ní Japan, Amazon wà ní Japan, Toys "R" Us Japan ò sì tì nígbà tí ti Amẹ́ríkà kógbá sílé.

September 2017 ni Toys "R" Us ti Amẹ́ríkà lọ sí kóòtù ní Richmond, Virginia, láti sọ pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó ń kó ọjà fún wọn, wọ́n ní àfi kí Toys "R" Us sanwó lọ́wọ́ kí ọjà tó kúrò nílẹ̀, àdéhùn máa-bọ̀-wá-sanwó tí Lazarus fi kọ́ òwò yẹn dópin nìyẹn. Ní December kóòtù fọwọ́ sí bónọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn ọ̀gá. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2018 wọ́n kéde pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà máa tì, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n pàdánù iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù yẹn kan náà, kò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìkéde yẹn, Lazarus kú ní ẹni ọdún 94. Ó dùn mí pé ó gbọ́ ọ kó tó lọ, tó bá gbọ́ ọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ nípa wọn, àwọn tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, tí wọ́n mọ ọmọ kọ́sítọ́mà láti ìgbà pámpáàsì títí tó fi gun báísíkù. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ láìsí owó gbà-má-bìínú kankan. Wọn ò gbà, wọ́n gbé pátákó, wọ́n lọ síwájú ọ́fíìsì àwọn olówó yẹn, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin, wọ́n ní mílíọ̀nù 75 dọ́là ló tọ́ sí àwọn. Ní November 2018, KKR àti Bain gbé mílíọ̀nù 20 kalẹ̀ fún gbogbo wọn. Tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa ìṣubú Toys "R" Us, Ọ̀gá Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ mílíọ̀nù 20 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 400 tí wọ́n ń san ní èlé lọ́dọọdún, kí àwọn òǹkàwé fi ojú ara wọn rí i.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín