Awakọ̀ bàálù ló ń wa Màrúwá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló bí mi tí mo fi mú kálàmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ síbi àjọ̀dún iléèwé girama kan ní Àkúrẹ́ níbí. Ọ̀gá ìjọba kan gba makirofóònù, ó bi àwọn ọmọ pé ta ló fẹ́ di awakọ̀ bàálù. Ọwọ́ lọ sókè rẹpẹtẹ. Ó ní, "Ẹ ṣáà kàwé yín, ẹ máa fò ni." Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá rẹ̀ gbé mi débẹ̀ ṣì wà níta, awakọ̀ bàálù ni.

Ẹ tún un kà: ẹni tó ní láísẹ́ǹsì bàálù ló ń kó èrò láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká.

Ọdún 2022 ló lọ kọ́ ọ ní South Africa. Bàbá rẹ̀ fi oko kòkó tó wà ní Ìdànrè dógò, oko tí bàbá wa gbìn. Dọ́là kò tíì tó 500 náírà ní báńkì nígbà náà. Kí ó tó parí ní 2024, ó ti lé ní 1,400. Ọpẹ́lọpẹ́ kòkó tó gbówó lórí lọ́dún yẹn, à bá fi ọmọ sílẹ̀ sáàárín ọ̀nà.

Kì í ṣe olódo o. Láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́, èyí tí a kì í fi gbowó, 45 wákàtí ni wọ́n ń béèrè ní South Africa. Ó fò ó. Èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, 200 wákàtí. Ó fò ó, nínú Cessna oníjókòó mẹ́rin. Ó dé ilé, ó tún jókòó ṣèdánwò òfin òfuurufú kí wọ́n tó fún un ní ti Nàìjíríà. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù wá ní 200 wákàtí kéré, wọ́n ní type rating rẹ̀ ńkọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ lórí irú bàálù kan pàtó, bíi Boeing 737. Dọ́là ni wọ́n tún ń gbà fún ìyẹn. Láísẹ́ǹsì ọ̀gá awakọ̀ ń béèrè 1,500 wákàtí. Ṣé orí Màrúwá ni yóò ti kà á pé? Lọ́dọọdún, ó gbọ́dọ̀ lọ bá dókítà kó yẹ ojú, etí àti ọkàn rẹ̀ wò, kí láísẹ́ǹsì má baà di ìwé lásán. Owó Màrúwá náà ló ń san án.

Àwọn tó wà lórí àga ò bìkítà. Ọ̀bà-Ilé, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ wà, ni mò ń gbé, mò ń gbọ́ bàálù tó ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣe ò le. Ọdún 14 ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà. A ń yá èèyàn lówó, a ń gba onídùúró méjì, a ń yọ owó wa nínú owó oṣù kí olówó tó fojú kàn án. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún type rating. Kí ìjọba bá iléeṣẹ́ tí bàálù rẹ̀ ń bà sí Àkúrẹ́ ṣàdéhùn pé yóò máa gba ọmọ méjì lọ́dún. Ẹni tí wọ́n bá dán wò tí wọ́n gbà nìkan ni kí a yá lówó. Kí owó náà má kan ọwọ́ ọmọ, ilé ẹ̀kọ́ ni kó gbà á tààrà. Kí iléeṣẹ́ máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi tán, kí ẹlòmíràn tún yá a. Bó bá sá lọ sí Dubai, ẹ mú onídùúró, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Lọ́dún 14 yẹn, ẹni méjì péré ló sá fún wa, a sì rí ọ̀kan mú.

Kí iléèwé bàálù ti Zaria, tó ti wà láti 1964, àti ti Ìlọrin náà rí bàálù kún bàálù. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ fi bàálù mú inú ọmọ iléèwé dùn máa ka iye owó rẹ̀ sí wọn létí.

Bí ọ̀gá tó gba makirofóònù yẹn bá ń ka ìwé ìròyìn yín, ìwé òfin ẹgbẹ́ wa wà nílé mi, n ó ṣe ẹ̀dà fún un. Ọmọ náà á gbé e dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alágbàká. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ni.

Èmi ni,
Tíṣà àfẹ̀yìntì, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.