Ṣadé, nípa máṣíìnì ìránṣọ tí o fẹ́ rà

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Manchester kò tíì gbé yín mì? Màmá ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ wọn ti ń gbádùn.

Mo rí fọ́tò máṣíìnì ńlá, irú èyí tí iléeṣẹ́ fi ń ránṣọ, tí o fi ránṣẹ́. Ó wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí kí ọrùn bùbá rẹ má baà hunjọ mọ́ lo ṣe fẹ́ rà á, fi owó rẹ sápò. Ọrùn tó bá ń hunjọ, níbi gígé ló ti bàjẹ́, tàbí kó jẹ́ pé o kò fi ẹnu àlùmọ́gàjí gé etí ìrán náà díẹ̀díẹ̀ yípo kí o tó yí i padà.

Eré ni wọ́n ń tà fún ọ nínú máṣíìnì yẹn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè gún aṣọ tó ìgbà 5,000 láàrin ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wà nílé rẹ, agbára káká ló fi máa dé 1,000. Ṣé aṣọ ẹbí lo gbà ni? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì balẹ̀, á kàn tètè ba aṣọ jẹ́ ni.

Bàbá tó ń fi tinko, máṣíìnì tí wọ́n fi ń ṣe ọnà sára aṣọ, ṣiṣẹ́ ọrùn agbádá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wàá rántí wọn. Wọ́n á yọ ẹsẹ̀ máṣíìnì tó máa ń tẹ aṣọ kúrò, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, orúnkún wọn ni yóò máa ti irin tó ń mú kí ìrán fẹ̀ tàbí kó tín-ín-rín. Ilà ṣọ́ọ̀kì kan péré ni wọ́n ń wò. Ọmọkùnrin tó dojú kọ wọ́n ti ra ti kọ̀ǹpútà. Tí iléèwé bá gbé báàjì ọgọ́rùn-ún wá, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni kí wọ́n gbé e lọ, gbogbo ẹ̀ á bára mu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé agbádá tí ọrùn rẹ̀ wọ́ wá, kọ̀ǹpútà á ṣe ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́, wíwọ́ náà á sì hàn síta. Bàbá á dín ọnà kù síhìn-ín, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ojú ò ní rí i mọ́.

Aṣọ òkè nìkan ni mo lè tìtorí ẹ̀ gbà fún ọ. Tó bá ti di ìṣẹ́po mẹ́rin, máṣíìnì ilé á máa kérora. Kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18, èyí tó nípọn, dán an wò. Tí o bá padà ra ńlá náà, má ki abẹ́rẹ́ ilé bọ̀ ọ́ o: ìdí tirẹ̀ rí roboto, ti ilé sì tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àlùmọ́gàjí gidi ni kí o ra báyìí. Ìyẹn ni mi ò ní jẹ́ kí o ṣahun sí. Kí o sì gbé e pamọ́ fún àwọn ọmọ yẹn, bébà ni wọ́n máa fi gé!

Fi bùbá tó ń hunjọ náà rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí mi tí wọ́n bá ń bọ̀ ní Kérésì. Má tú u o, èmi ni mo fẹ́ tú u.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́lá