Lẹ́tà sí Kẹ́hìndé, nítorí ọ̀rọ̀ Háítì

Àjàṣẹ́, ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 2021

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè jókòó pẹ́ ní ọjà Ouando, àbúrò rẹ ló ń bá mi dúró ti aṣọ.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí fóònù, pé kí n bá àwọn ìyá ìjọ sọ ọ́ kí a kó aṣọ jọ fún àwọn ará Háítì tí ilẹ̀ mì lọ́dọ̀ wọn. Mo sì gbọ́ àdúrà tí o gbà fún àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa ló gbà á sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ fi han àbúrò rẹ, ó sì di ọ̀dọ̀ mi. Má bínú sí i. Ohùn rẹ dùn, ó jọ ti bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn, òun ló mú mi mú bírò. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí a bá wà lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí o tó dá mi lóhùn.

O ní kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn ará Háítì. Ó dáa. O wá fi kún un pé kí wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀, kí ìbínú Rẹ̀ lè kúrò lórí wọn.

Kẹ́hìndé, ta ló sọ fún ọ pé ìbínú ni?

Ṣé o rántí ọdún 2010? Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ni ilẹ̀ mì ní Háítì. Ọjọ́ kejì, oníwàásù Amẹ́ríkà kan sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn baba ńlá wọn ló bá èṣù mulẹ̀ kí wọ́n lè gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Ìwọ lo ka ọ̀rọ̀ yẹn fún mi nínú ìwé ìròyìn, tí o sì ń hó bí omi gbígbóná. Ìjọba wọn sọ pé àwọn tó kú lé ní 200,000. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà àwọn Kátólíìkì ní Port-au-Prince, Joseph Serge Miot, bá a lọ, kàtídírà wọn sì wó lulẹ̀. Ṣé òun náà ń bọ òrìṣà ni? Ní ìparí oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ilẹ̀ mì ní Chile, 8.8 ni wọ́n wọ̀n ọ́n, nígbà tí ti Háítì jẹ́ 7.0. Ti Chile fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po le ju ti Háítì lọ, síbẹ̀ àwọn tó kú níbẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Irú èyí ti ń bá àwọn ará Chile fínra tipẹ́, wọ́n ti fi òfin de bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Ní Háítì, yanrìn pọ̀ nínú kọnkéré, símẹ́ǹtì ò tó, irin tín-ín-rín. Ìwọ náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tí a bá rékọjá òkun ká tó rí i.

Ti ọdún yìí ńkọ́? Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù yìí, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ wọn. 7.2 ni. Ìlú Les Cayes àti Jérémie ló kàn jù, àwọn tó kú ti lé ní 2,200. Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Les Anglais, ṣọ́ọ̀ṣì wó lé àwọn tó wá fún ìrìbọmi lórí, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ìrìbọmi o, Kẹ́hìndé. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìjì Grace fi rọ òjò lé àwọn tó ń sùn ní gbangba lórí. Bí o bá fẹ́ fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí, ibo lo máa tọ́ka sí?

Bó bá sì jẹ́ ti òrìṣà lo ń sọ, ara rẹ lò ń bú. Kí ni àwọn Ègùn àti Fọ̀n ń pè wá níhìn-ín? Nàgó. Ní Háítì náà, agbo òrìṣà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nago, àwọn Ogou, ìyẹn Ògún, ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń bọ ìbejì, Marasa ni wọ́n ń pè é. Láti etíkun wa yìí, láti Ouidah àti Àjàṣẹ́ níbí, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn sínú ọkọ̀. Toussaint Louverture tó ṣáájú ogun wọn, ìlú Allada níhìn-ín ni wọ́n ní ìdílé rẹ̀ ti wá. Ìyá ìyá mi tó wá láti Kétu, kí ni o rò pé wọ́n ń bọ nílé wọn kí ó tó gba Jésù?

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló lé oorun lójú mi. Àwọn ará Háítì ò gbọ́ àdúrà rẹ. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló gbọ́ ọ. Obìnrin tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ lóru gbọ́ ọ. Ọkùnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ gbọ́ ọ. Ohun tí o bá sọ nípa òkú ọ̀nà jíjìn, orí ara wọn ni wọ́n máa gbé e kà.

N ó sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí Táyé lọ, ẹ ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibà ni, òru kan ṣoṣo. Ọjọ́ kẹta, oníwàásù kan wá tù wá nínú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà ti sùn. Ó jókòó, ó mu omi, ó wá bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo máa ń se ẹ̀wà ìbejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá bàbá yín ló ní kí n máa sè é, àwọn ọmọ àdúgbò ló sì ń jẹ ẹ́. Ó mi orí, ó ní, "Ṣé o rí i?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méje ni mi ò fi se ẹ̀wà nínú ilé yẹn. O máa ń bi mí ìdí rẹ̀, èmi á ní ó ń run mí nínú.

Ìyá kan wá lọ́jọ́ kejì tí ọkùnrin yẹn wá. Kò gbàdúrà sókè, kò ka ohunkóhun. Ó kó gbogbo aṣọ tó dọ̀tí nílé, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún wá. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ló fi wá. Nígbà yẹn, àwọn tó kún ilé wa lọ́jọ́ kìíní ti tú ká.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wá kù. Mi ò ní bá ọ kó aṣọ jọ. Ní 2010 yẹn kan náà, nígbà tí odò Ouémé kún bo ilẹ̀ (nínú kọ́múnù 77 tí a ní ní Benin, 55 ni omi yọ lẹ́nu, èèyàn 680,000 ló kàn), àwọn ará Aguégués wá fi ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a fi wọ́n sùn sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ kan láti òkè òkun fi báálì aṣọ ránṣẹ́. Kóòtù òtútù ni, àti bàtà tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín, gáùn ìgbéyàwó kan sì wà níbẹ̀. Èmi ni akápò, èmi ni mo san owó mọ́tò tó kó o wá láti Kùtọnù. Owó yẹn ì bá ra omi mímu àti àwọ̀n ẹja, ohun tí àwọn èèyàn náà ń bèèrè gan-an nìyẹn. Ọlọ́kadà kan ra kóòtù kan nínú rẹ̀, ó ní ó dára fún òwúrọ̀ ọyẹ́. Èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ àwọn olókírìkà.

Owó la máa fi ránṣẹ́. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà ní Háítì, àwọn ló mọ ilé tí òrùlé rẹ̀ ti lọ. Kí olú ilé ìjọ wa bá wa fi lé wọn lọ́wọ́. Ìwé méjì ni kí a kọ ọ́ sí, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ, kí o ka iye rẹ̀ jáde lójú ìjọ, kí o sì ka rìsíìtì nígbà tó bá dé. Kí ẹnikẹ́ni má yọ owó ọkọ̀ nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan lọ́dọ̀ rẹ ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ kó ọmọ aláìlóbìí wá láti Háítì. Dá wọn lẹ́kun. Ní oṣù kìíní 2010, àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi mẹ́wàá láti Amẹ́ríkà kó ọmọ 33, wọ́n fẹ́ gbé wọn sọdá sí Dominican Republic láìní ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló ní òbí tó wà láàyè. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ranni lọ́wọ́ níhìn-ín, tí ọmọ á lọ di ẹrú nínú ilé ẹlòmíràn, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa. Kọ́lẹ́rà tó sì pa àwọn èèyàn tó sún mọ́ 10,000 níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ ogun Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó wà níbẹ̀ láti ṣọ́ àlàáfíà ló gbé e wá. Ọdún 2016 kí àjọ náà tó tọrọ àforíjì.

Sọ fún wọn kí wọ́n yọ àwòrán òkú tí o lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù. Àwọn aláìsàn ò lè yíjú kúrò níbẹ̀.

Bí rédíò bá ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó bá di oṣù kọkànlá, ìgbà yẹn ni kí o tún gbé igbá ọrẹ kejì. Àwọn ìyá ti gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ti dá báyìí jẹ́ 84,500 sẹ́fà, ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá Fẹ́límà. Wá fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Sátidé. Mú àwọn ọmọ dání, mo máa se ẹ̀wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ