Ẹ̀yin tó ń ta gáàsì kúkà tòkunbọ̀, ẹ máa sọ òótọ́ fún oníbàárà

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sójú ìwé yín torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Iṣẹ́ àtúnṣe gáàsì kúkà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, èyí tí wọ́n sì máa ń pè mí sí jù ni kúkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tòkunbọ̀, tí wọ́n á ní iná ẹ̀ ń ga jù, ó ń pọ́n, ó ń ba ìkòkò jẹ́.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń se oúnjẹ tà, ọmọ wọn ló ra kúkà olójú mẹ́rin fún wọn, ọmọkùnrin tó gbé e wálé ló bá wọn so ó mọ́ sìlíńdà, ó ṣáná sí i, iná tàn, ó gbowó ẹ̀ ó lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo ìdí ìkòkò ìyá yìí fi dúdú kirikiri, ojú ń ta gbogbo ẹni tó bá wọ kíṣìnnì, orí ń fọ́ ìyá fúnra wọn. Wọ́n rò pé wọ́n ń ta gáàsì burúkú fún wọn ni, wọ́n lọ rọ ọ́ níbòmíì, wọ́n tún ra rẹ́gúlétọ̀ tuntun, kò sí ìyípadà kankan. Nígbà tí mo tú bọ́nà (ojú tí iná ti ń jáde) tó tóbi níwọ̀nba, tí kì í ṣe ńlá tí kì í ṣe kékeré, 97 ló wà lára jẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, mo sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Jẹ́ẹ̀tì ni bíráàsì kékeré tó wà nísàlẹ̀ bọ́nà, tó ní ihò tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà jáde. Nílùú òyìnbó, Lọ́ńdọ̀n àti ibi tó kù, gáàsì tó ń gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọlé ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, kì í ṣe ti sìlíńdà. Gáàsì yẹn yàtọ̀, methane ló pọ̀ nínú ẹ̀, agbára tiẹ̀ ò tó ti propane àti butane tí wọ́n ń rọ fún wa, torí náà ihò jẹ́ẹ̀tì wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kúkà, jẹ́ẹ̀tì bọ́nà tó tóbi níwọ̀nba yẹn, tó bá jẹ́ ti gáàsì páìpù, máa ń jẹ́ 97, ìyẹn ni pé ihò ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà kan, ti sìlíńdà jẹ́ 65. Ẹ wá gbé kúkà oníhò 97 dé Nàìjíríà, ẹ so ó mọ́ sìlíńdà, gáàsì á máa tú jáde ju bó ṣe yẹ, afẹ́fẹ́ ò ní tó o láti jó tán, iná á pupa, á yọ èéfín, á sì máa yọ carbon monoxide, májèlé tí kò lóòórùn tí kò ṣe é fojú rí, tó lè pa èèyàn sínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ wà ní títì. Orí fífọ́ tí mo sọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó wá láti ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n sì ń ṣe láti tún un ṣe tún burú ju àìsàn ọ̀hún lọ. Mo ti rí jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi òòlù lù kí ihò ẹ̀ lè kéré, mo ti rí èyí tí wọ́n ki wáyà bọ̀. Jẹ́ẹ̀tì ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ fi ti sìlíńdà pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ti ọ́fùn, kó sì tún ibi tí wọ́n ti ń dín iná kù sí kékeré ṣe pẹ̀lú, torí tí wọ́n bá fi ìyẹn sílẹ̀, iná ò ní rọ̀ dáadáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọbẹ̀ máa hó díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà náà ni jẹ́ẹ̀tì ń fà á o. Nígbà míì ẹ ti fọ bọ́nà, ẹ ò jẹ́ kó gbẹ, tàbí ìdérí ẹ̀ ò jókòó dáadáa. Àwọn kúkà kan sì wà tẹ́ ẹ bá tan án, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, ìyẹn ò bàjẹ́, ààbò ni wọ́n fi sí i kí gáàsì lè dá dúró tí iná bá kú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ ọ́ dànù.

Ti họ́ọ̀sì wá ńkọ́? Kílíìpù ló yẹ kí wọ́n fi dè é lórí rẹ́gúlétọ̀ àti lẹ́yìn kúkà, àmọ́ wáyà ni ọ̀pọ̀ ń lò, wáyà á sì gé rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ rí i pé ó ti là tàbí ó ti le, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kó má sì gba ẹ̀yìn ọ́fùn tó ń gbóná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so gbogbo ẹ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, ìṣáná kọ́ la fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò! Ẹ pa gbogbo bọ́tìnnì kúkà, ẹ ṣí sìlíńdà, ẹ po omi ọṣẹ kó hó, ẹ fi kànìnkànìn pa á sí orí sìlíńdà, rẹ́gúlétọ̀, àti ibi tí họ́ọ̀sì ti wọlé lápá méjèèjì. Ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Tí ìfóófòó bá ń wú níbì kan, ibẹ̀ ló ń jò, ẹ pa sìlíńdà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ òórùn lẹ gbọ́ (wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn yẹn sí i ni, gáàsì fúnra ẹ̀ ò ní òórùn), ẹ pa sìlíńdà tí ọwọ́ bá tó o, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan iná mànàmáná ẹ má pa á, ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì fáànù, kí gbogbo yín jáde. Ìta ni kẹ́ ẹ ti pe fóònù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, 767 tàbí 112. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń lọ, á sápamọ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti inú gọ́tà, torí náà pé òórùn ẹ̀ ti dínkù lókè ò ní kó ti lọ tán.

Ẹ̀yin tó ń ta tòkunbọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi, ẹ mọ èyí tó jẹ́ ti gáàsì páìpù nínú ọjà yín, àkọlé kékeré ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀ tàbí nínú ilẹ̀kùn ọ́fùn. Ẹ sọ fún oníbàárà, ẹ bá a pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ fowó ẹ̀ kún un, kò sẹ́ni tí ò ní san án tó bá yé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n fi sìlíńdà tan gbogbo ojú ẹ̀ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo iná ẹ̀. Búlúù ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ń pupa tó ń fò sókè, tàbí ọlọ́jà ní òun ò ní tan án, ẹ má sanwó.

Èmi ni,
Atúngáàsì-kúkà-ṣe,
Ìbàdàn.